Okùn Tí N Kò So Nídìí

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, nígbà tí oòrùn wà lójú ọ̀run kedere, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sọ pé oúnjẹ alẹ́ ló dà mí lọ́kàn rú, kó gbẹ́nu dákẹ́ ná. Mi ò tíì jẹun. Orí ẹní ni mo wà, mo ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí fún ìyàwó tuntun kan, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn tí ẹyọ kan wọn kò tó ẹyọ ọkà bàbà, ni oorun bá gbé mi lọ bí ìgbà tí èèyàn pa fìtílà. Ẹ jẹ́ kí n rọ́ ọ bó ṣe rí. Mi ò ní bù mọ́ ọn.

Nínú àlá náà, iṣẹ́ kan náà ni mo ń ṣe. Ẹní kan náà, àwo ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé oòrùn ń ràn, síbẹ̀ kò sí ohun kan tó ní òjìji. Àga kò ní. Ògiri kò ní. Èmi náà kò ní. Mo wò ó títí, mo ní kò burú, ohun tí mo máa gbá nílẹ̀ ti dín kù nìyẹn.

Mo ki abẹ́rẹ́ bọ inú àwo láti kó ìlẹ̀kẹ̀, ni ọ̀kan bá ní, "Rọra."

Mo wo inú àwo. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan ló ń wò mí. Ihò tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá lára rẹ̀ ti di ojú, ó sì ń ṣẹ́ ẹ.

"Ìyá Ẹniọlá," ló wí, "ojú mi lo fẹ́ gún yẹn."

"Níbo ni kí n gún? Ṣé ibòmíràn tún lu lára rẹ ni? Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń gún yín lójú, kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ nínú yín."

"À ń sọ̀rọ̀. Ìwọ ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ráyè sọ̀rọ̀."

Èyí kì í ṣe irọ́. Gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí ló mọ̀ pé èsì kì í gbẹ lẹ́nu mi. Ẹni tó bá sọ ẹyọ kan fún mi á gba mẹ́wàá, mi ò sì bi í pé ọmọ ta ni.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà tún ṣẹ́jú. "O ò so ìdí okùn," ló wí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́. Kí a tó sín ẹyọ kan, a óò kọ́kọ́ so ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ ìdí okùn. Kì í ṣe ara ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dènà kí àwọn tó kù má baà bọ́ dànù. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, o lè sín láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọjọ́ tí o bá gbé okùn náà sókè, gbogbo rẹ̀ á gba ìsàlẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo tú ẹ̀gbà ọrùn oníkálukú wò ni, mo sì tún un sín kí olówó rẹ̀ tó dé. Síso ìdí okùn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ fúnra mi, lọ́jọ́ tí odindi àpò ìlẹ̀kẹ̀ kan fọ́n ká sábẹ́ ibùsùn. Láti ìgbà náà, mi ò gbàgbé rẹ̀ rí.

Mo fa okùn kí n lè rí ìdí rẹ̀. Mo fà á, mo fà á, kò lópin. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà jáde. Láti ìta ni mo ti wá gbọ́ ìró kan: tín. Bí ìgbà tí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo bọ́ sínú abọ́ tánganran.

Mo dìde, mo tẹ̀lé okùn.

Sàlámì télọ̀ ló kọ́kọ́ kàn, ó jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀ lójúde wa. Okùn náà gba ìdodo rẹ̀ wọlé, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Ihò náà mọ́ tónítóní, mo ń gba inú rẹ̀ rí ògiri òdìkejì.

"Sàlámì, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣeun, Ìyá Ẹniọlá. Ẹ wò ó, okùn yín ń gba ara mi kọjá."

"Mo rí i. Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá o, ó kàn ń yún mi díẹ̀ ni. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi, ta ló kàn lẹ́yìn mi?"

Kí n tó dáhùn, ó ti ń yọ̀ lọ lórí okùn náà. Bó ṣe jókòó ló ṣe lọ, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó kọjá gọ́tà, ó kọjá orí òrùlé, kò pariwo, ó sì juwọ́ sí mi. Tín. Maṣíìnì rẹ̀ ń rán aṣọ lọ ní tirẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ jáde wá. Mo ní, "Sàlámì ti lọ o."

"Ta ni Sàlámì?"

"Ọkọ rẹ."

"Èmi kẹ̀? Ìyá Ẹniọlá, mi ò lọ́kọ rí." Ó rẹ́rìn-ín gidi, ẹ̀rín ẹni tí ara ń dẹ̀. Bó ṣe ń rín in ni ihò kékeré kan ń là bọ̀ lára òun náà níbi ìdodo. Mo ní ó dàbọ̀.

Okùn náà yí ẹ̀yìn ilé wa po. Mo tẹ̀lé e débẹ̀, Màámi ni mo bá. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti mú Màámi wá sọ́dọ̀ mi. Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àtẹ. Okùn gba àárín rẹ̀ kọjá bíi ti Sàlámì, àtòun àtàpótí sì ń yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀.

"Ìbídùn," ló wí, kò gbójú sókè, "ṣé ìwọ lò ń fà mí?"

"Kì í ṣe èmi, Màámi."

"Ó dáa. Mo rò pé o fẹ́ kí n kúrò lójú ọ̀nà ni."

"Ẹ di nǹkan mú, Màámi!"

"Kí ni kí n dì mú? Ẹ̀gúsí?"

Mo wo iwájú rẹ̀ lórí okùn. Èèyàn márùn-ún ló ṣẹ́ kù kó kàn án. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi, ara mi sì tutù nínú oòrùn yẹn. Ikú kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Bí ó bá fi lè kan Màámi, ẹnì kan á dé lọ́la, á ní, "Ìyá yín ńkọ́?" Èmi á ní, "Ìyá ta?" N óò sì rẹ́rìn-ín.

Mo bá sáré wá ìdí okùn náà lọ.

Òkè orílé wa ló wà. Ọ́fíìsì kan ló léfòó síbẹ̀, ó ń mì lẹ̀lẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, tòun ti tábìlì, fáánù àti kàlẹ́ńdà ọdún tí kò tíì dé. Kò ní àtẹ̀gùn. Mo gun afẹ́fẹ́. Kò le, ẹ kàn máa gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, kí ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n wọ kóòtù. Wọ́n kọ orúkọ ọ̀gá wọn sórí pátákó kan níwájú rẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Ládìmejì. Ìdí okùn mi sùn kalẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dì í mú. Abọ́ tánganran kan wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bojú wo inú abọ́ náà. Sàlámì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, wọ́n ti kéré bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń dán, wọ́n la ojú kalẹ̀. Wọn kò ṣẹ́jú.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni mo wí. "Ìdí okùn mi ni mo wá so."

"Ta ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Mi ò ní ọ̀gá. Ojú mi ni mo fi kọ́ ọ."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ojú. Níbo ló ń gbé?"

"Lábẹ́ iwájú orí. Ẹ̀yin náà ní méjì, ẹ kàn fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ ni."

Tín. Ẹnì kan bọ́ sínú abọ́. Mi ò fiyè sí i, mo ṣì ń gbádùn èsì mi.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ kún, mo dá a padà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ya á, ó sì jẹ ẹ́. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni irùngbọ̀n funfun hù sí i lágbọ̀n, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì bọ́ nítorí ẹsẹ̀ ti di pátákò. Àwọn méjì tó kù ti di ewúrẹ́ ṣáájú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù ú lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ti mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì rí mọ̀ pé ibì kan ni ìwé yẹn ń wọ̀ lọ. Àná ni èmi wá rí ibẹ̀.

"Fọ́ọ̀mù yìí kò níyọ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Ládìmejì wí. "Lọ kọ òmíràn. Kí o sì mú ìwé ẹ̀rí wá."

"Ìwọ ewúrẹ́ tí wọ́n so táì mọ́ lọ́rùn, o tún ń bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí! Ta ló fún ìwọ níwèé ẹ̀rí àtijẹ pépà?"

Tín.

"Irùngbọ̀n rẹ dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá ilé ìgbẹ́!"

Tín.

Èyí tí mo sọ tẹ̀ lé e dára ju gbogbo wọn lọ, mi ò lè tún un sọ lójú àgbà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó kan ìyá rẹ̀, ìrù rẹ̀ àti ọjọ́ Iléyá.

Tín, tín.

Fáánù dúró. Ewúrẹ́ náà fi ẹyinjú ewúrẹ́ wò mí, èyí tó sùn gbọọrọ yẹn, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tí àánú mi ń ṣe.

"Ìyá Ẹniọlá, ẹnu tó yẹ kó di okùn mú lo fi ń bá mi jà."

Mo wo ìsàlẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú Màámi mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ó ń gun okùn bọ̀ tòun ti àpótí, àtẹ ẹ̀gúsí ṣì wà ní itan rẹ̀, ó sì ń kéré sí i bó ṣe ń sún mọ́ wa. Mo fọwọ́ gbá okùn mú, ó yọ̀ bọ́ bí omi ilá. Mo tún gbá a mú, ó tún yọ̀. Àwa tí à ń sín ìlẹ̀kẹ̀, bí ọwọ́ méjèèjì kò bá gbà á, eyín ni ọwọ́ kẹta. Mo tẹ̀ ba, mo fi eyín dì í mú.

Okùn náà dúró.

"Ẹ wá wò ó!" ni ewúrẹ́ kejì ké. "Ó dákẹ́! Ìyá Ẹniọlá dákẹ́!"

"Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ kì í pẹ́ já," ni ẹ̀kẹta wí.

"Àwọn ará àdúgbò rẹ, ẹ̀rù rẹ ló ń bà wọ́n. Wọn ò fẹ́ràn rẹ."

"Olè ìlẹ̀kẹ̀! O tú tẹni ẹlẹ́ni kí o tó mọ̀ ọ́n!"

Mo ní èsì o! Ẹ̀yin ará mi, mo ní èsì tó máa bó awọ lára wọn. Ó dé orí ahọ́n mi, ó dùn bí oyin. Mo gbé e mì. Ó ha mí lọ́fun bí eegun ẹja.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan kàn mí ní ètè. Kò tóbi ju ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí ẹ̀gúsí àti káńfọ̀. Màámi ni, ó fi ẹ̀yìn ti eyín mi.

"Ìbídùn."

Àwọn ewúrẹ́ na etí.

"Ìbídùn, ṣé ìwọ nìyí?"

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí ìyá ẹni bá peni lẹ́ẹ̀kan, "mà" ni à ń dáhùn, kó tó peni lẹ́ẹ̀kejì. Ahọ́n mi gbéra. Mo fi eyín há a mọ́ okùn.

"Ó ṣókùnkùn níbí," ni Màámi wí. "Mi ò mọ ẹni tó dì mí mú. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ 'mà' lásán, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Àwọn ewúrẹ́ náà tẹ etí wọn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ọ̀gbẹ́ni Ládìmejì gbé abọ́ náà sábẹ́ àgbọ̀n mi, ó rọra gbé e, bí ẹni tó fẹ́ gbe omi òjò. Gbogbo ojú tó wà nínú rẹ̀ ló ń wo ẹnu mi. Omijé mi ń bọ́ sáàárín wọn, wọn kò ṣẹ́jú síbẹ̀. Mi ò dáhùn.

Màámi dúró títí. Ó ní, "Ó dáa. Kì í ṣe ọmọ mi. Ọmọ mi kì í dákẹ́."

Ibẹ̀ ni mo ti jí.

Mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní. Àgbọ̀n mi ń ro mí gidi: mo fi eyín di etí ìró kan tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú, ó ti rin gbindin. Mo fẹ́ tu ú, ni mo bá gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ìbídùn!"

"Mà" ti dé ètè mi. Mo dá a dúró níbẹ̀.

"Ìbídùn! Ṣé etí rẹ di ni?"

Mi ò mira. Mo gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́ bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró, ó sinmi, ó tún wọ́. Màámi yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ojú rẹ̀ ti le.

"Mò ń pè ọ́ títí ẹnu mi fẹ́ bó, o sì sùn sílẹ̀ o lajú sílẹ̀, o ń wò mí?"

Mo na ọwọ́, mo gbá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó gbóná. Ó tóbi. Ó gbẹ, ó sì le bí igi, mo fún un, kò yọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó ya ẹnu mi.

"Mà."

"Mà wo? Gbé ìró mi wá, jàre! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni o!"