Òwú Funfun Lọ́rùn Tòmátì

"Kùdí, kó tòmátì tó kù lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata kí èrò tó pọ̀ níbẹ̀," ni Alhájà Sìlífátù wí, bó ṣe ń koná mọ́ ìdí ìkòkò.

Ẹ̀yìnkùlé ni Haleemah ń gbà lọ ṣe àlùwàlá nígbà tó rí apẹ̀rẹ̀ tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó dúró. Òwú funfun wà lọ́rùn àwọn kan, òwú pupa wà lọ́rùn àwọn yòókù. Òun fúnra rẹ̀ ló so wọ́n.

"Màámi, níbo lẹ ti rí tòmátì yìí?"

"Ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ rẹ ló gbé e wá láàárọ̀. Jedidiah ló porúkọ ara ẹ̀. Ó ní òun pè ẹ́ títí, o ò gbé e. Ó ní kó má baà rà sórí igi, ká fi ṣe sàráà Láwàlì." Ìyá ọkọ rẹ̀ gbójú sókè. "Àbí kò yẹ ká gbà á ni?"

"Ó yẹ, mà."

Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti di lílọ̀, ó ti ń hó lórí iná. Fídáù ogójì ọjọ́ Láwàlì, ọkọ rẹ̀, ni wọ́n ń sè é dè, ọ̀la sì ni. Láwàlì sùn nínú ilé yìí ní Láfẹ́nwá, kò jí. Láti ọjọ́ náà, Haleemah kò tíì sunkún. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, a jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ní kó sùn, a dùbúlẹ̀. Fóònù rẹ̀ a máa dún, òun a sì máa wò ó bí ohun ẹlòmíràn, títí yóò fi dákẹ́.

Kùdírátù, ẹ̀gbọ́n Láwàlì obìnrin, tó ti fẹ́ máa gbé apẹ̀rẹ̀ náà lọ, tún gbé e kalẹ̀. "Ìyàwó, kí lo ń wò bẹ́ẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ báwo?" Alhájà bi í.

Haleemah mú tòmátì kan, ó ń yí i lọ́wọ́. "Kálísíọ́mù wà nínú èso, Màámi, irú èyí tó wà nínú eegun wa. Bí àsìkò àtipọ́n bá tó, á túbọ̀ ya wọnú èso. Àwọn purotéènì kan wà níbẹ̀ tó ń gbá a mú. Bí wọ́n bá ti gbá a mú, wọ́n á jẹ́ iṣẹ́ fún èso pé kó pọ́n, kó rọ̀. Olówùú funfun yìí, mo fọ́n omi kálísíọ́mù sí i. N kò fọ́n nǹkan kan sí olówùú pupa. Mo fẹ́ mọ èwo nínú àwọn purotéènì yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, ká lè mọ bí tòmátì ṣe lè pẹ́ kó tó rọ̀. Bó bá ti ń yí àwọ̀ padà báyìí ló yẹ ká já a sínú yìnyín. Bí iná bá ti kàn án, ó parí."

Bí ẹni ń ka ìròyìn ìlú mìíràn ló ṣe sọ ọ́.

"Ó ti pẹ́ tóo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

"Kí n tó fẹ́ Láwàlì ni."

Alhájà wo ìkòkò, ó wo apẹ̀rẹ̀. Ó rọra jókòó sórí àpótí. "Èmi ni mo ní o ò gbọdọ̀ jáde. Kí n ṣáà lè máa rí ẹ. Ọmọ mi lọ tán, mo wá ti ìyàwó ẹ̀ mọ́lé." Ó bú sẹ́kún.

Haleemah mọ̀ pé ó yẹ kí òun dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra. Ó ń wo èjìká ìyá náà tó ń mì nínú èéfín.

"Bínú sí mi, Haleemah. Sọ nǹkan."

"N ò bínú, Màámi."

Òótọ́ ni. Kò rí ohun tí ì bá fi bínú.

"Ààfáà ṣáà sọ ọ́," ni Kùdírátù wí jẹ́jẹ́. "Obìnrin tó ń ṣe opó lè jáde lọ́sàn-án bí ọ̀ràn bá ká a mọ́, kó ṣáà ti padà wálé sùn."

"Mo gbọ́ nígbà tó sọ ọ́," Alhájà dáhùn. "Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni."

Haleemah wọ yàrá lọ, ó mú fóònù, ó pe Jedidiah. Oko ìwádìí lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀ ni òun àti Jedidiah ti jọ ń ṣiṣẹ́. Àgbàdo ni ti Jedidiah; àánú ló mú kó máa bá a bomi rin tòmátì.

"Haleemah! Mo rò pé o ti pa á tì ni. Ṣé mo ṣe ohun tí kò yẹ?"

"Àwọn tí kò tíì pọ́n ńkọ́?"

"Wọ́n wà lórí igi. Wọn ò pọ̀."

"Má fọwọ́ kàn wọ́n. Mò ń bọ̀ lọ́túnla. O ṣeun tóo bomi rin wọ́n."

Nígbà tó jáde, Alhájà dúró ti ìkòkò. "Ṣé ká da ọbẹ̀ yìí nù ni?"

"Ẹ má dà á nù, mà. Ẹ bù ú fún mi wò."

Alhájà kán an sí i lọ́wọ́. Haleemah lá a. Ó gbóná, ó jó o ní ahọ́n. Ó na ọwọ́ padà fún òmíràn.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó, Màámi."

Alhájà fi etí ìborùn nu ojú, ó gbé abọ́ iyọ̀ fún un. Haleemah bu iyọ̀ sí i, ó gba ìgbakọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.