Àwòrán Tí Ọláyídé Yọ Kúrò

"Níbo lo gbé bàbá mi sí? Ọláyídé, mo ní níbo lo gbé wọn sí?"

Ohùn Bàbá Hàbíbàt ti wọ ṣọ́ọ̀bù kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ìdèrè ló ti gun ọ̀kadà wá sí Ìgbó-Ọrà, eruku ọ̀nà ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì gbé fóònù sókè bí ẹni tó gbé ẹ̀rí wá sí kóòtù.

Ọláyídé ò gbójú kúrò lára lápútọ́ọ̀pù. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Hàbíbàt. Bàbá yín wà níbi tí ẹ sin wọ́n sí."

"Mi ò sọ ti sàréè. Ti wẹ́ẹ̀bùsáìtì gààrí mi ni mò ń sọ."

Ìgbà tí Ọláyídé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ ló ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà. Gbogbo ohun tó mọ̀ ló dà sínú rẹ̀: ìràwọ̀ ń já bọ́, orúkọ ń sáré kọjá, àwòrán olóògbé Àfáà Àbdùlàhí, bàbá tó bí Bàbá Hàbíbàt, tòun ti láwàní sì ń yí lókè, kò dúró. Báyìí, iléeṣẹ́ kan n'Íbàdàn fẹ́ gbà á síṣẹ́, wọ́n ní kó fi iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn hàn. Nígbà tó wo iṣẹ́ náà, ojú tì í débi pé ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Ló bá tún un ṣe láìbéèrè: ojú ewé funfun, àpò gààrí kan ṣoṣo, ó tán. Ìyáàfin Bámiṣẹ́, ọ̀gá ibẹ̀, ti gba nọ́ńbà Bàbá Hàbíbàt. Ó ní òun máa bi í bóyá iṣẹ́ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Àwọn oníbàárà Lanlate ń bi mí bóyá mo ti ta òwò," Bàbá Hàbíbàt ní. "Kí wọ́n tó ra gààrí, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ọmọ ta ni mí. Ṣé àpò yẹn ló máa dá wọn lóhùn?"

"Ṣé bàbá tó ń yí bí ẹni tí wọ́n so mọ́ fáànù ló máa dá wọn lóhùn? Òòyì ń kọ́ ẹni tó bá wò wọ́n."

"Ìwọ lo so wọ́n mọ́ ọn."

"Mo kéré nígbà yẹn."

"Bàbá mi ò kéré."

Fóònù dún lọ́wọ́ Bàbá Hàbíbàt. Ó gbé e, ó jẹ́ kí ohùn jáde síta bí ìṣe rẹ̀. Ìyáàfin Bámiṣẹ́ ni.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín ni mo ṣí síwájú yìí. Ó mọ́, ó wuyì. Ṣé ó tẹ́ ẹ yín lọ́rùn?"

Bàbá Hàbíbàt fọwọ́ bo fóònù. "Bàbá mi dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá wọn lóhùn."

"Bàbá mi dà?"

Ọláyídé payínkeke. Ó wá èyí àtijọ́ jáde níbi tó tọ́jú rẹ̀ sí, ó dá a padà, ìràwọ̀ àti ohun gbogbo. Bàbá Hàbíbàt yẹ̀ ẹ́ wò lójú lápútọ́ọ̀pù, ó wá mú ọwọ́ kúrò lórí fóònù.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, mà. Kò sí irú Ọláyídé ní gbogbo Ìbàràpá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣí, kí n fi han àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́." Wọ́n gbọ́ tó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ dákun, sà, ta ni bàbá tó wà lókè yìí?"

"Bàbá tó bí mi ni."

"Wọ́n... wọ́n ń yí, sà."

"Wọ́n ń yí, mà." Bàbá Hàbíbàt na fóònù sí Ọláyídé lẹ́nu. "Ẹni tó ń yí wọn rèé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."