Rédíò Méjì, Ogun Kan

Ọdún 1956, nígbà tí òyìnbó àti Íjíbítì ń jà du ọ̀nà omi Súẹ́sì, Lùkúmọ̀n ń kéwú lọ́wọ́ ní Káírò. Àlímọ̀t, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ìdúmàgbò l'Ékòó, ló tọ́ ọ dàgbà. Látìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, etí Àlímọ̀t kò kúrò lára rédíò.

Asọ̀rọ̀mágbèsì, rédíò ìjọba tó wà lára ògiri, ní òyìnbó kò bá ẹnikẹ́ni jagun, wọ́n kàn lọ la ìjà ni. Kọ́lápọ̀, akọ̀wé tó háyà yàrá iwájú nílé Àlímọ̀t, a máa mirí pé òótọ́ ni.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá aláṣọ. Ìjọba kì í purọ́."

Gàníyù télọ̀ náà a máa gbé rédíò tirẹ̀, tó fi ń gbọ́ ìròyìn Íjíbítì, jáde láti yàrá ẹ̀yìn tó háyà. "Ẹ má dá a lóhùn. Gbogbo bàálù òyìnbó ni Íjíbítì ti já lulẹ̀."

"Àwọn ọmọ kéwú ńkọ́?" ni Àlímọ̀t máa ń bi wọ́n.

Kò sí rédíò tó dárúkọ wọn.

Àlímọ̀t lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Marina. Wọ́n fún un ní ìwé pélébé tó ní àwòrán sójà òyìnbó tó ń fún ọmọdé ní súìtì.

"Ọ̀gá, àbúrò mi ni mo wá bèèrè."

Wọ́n ní ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn nìyẹn. Ó fi ìbínú rìn délé.

Nígbà tí ogun parí, Lùkúmọ̀n gba Sùdáànì àti Kánò wálé. Ó ti rù kan egungun. Kò tí ì jẹun tán tí ayálégbé méjèèjì fi jókòó tì í.

"Íjíbítì já bàálù òyìnbó lulẹ̀ tán, àbí?" Gàníyù bèèrè.

"Rárá, bọ̀ọ̀dá. Orí wa ni wọ́n ń fò kọjá."

Kọ́lápọ̀ rẹ́rìn-ín. "Mo ṣáà ti sọ. Wọ́n kàn lọ la ìjà ni."

"Ẹni tó ń la ìjà kì í ju bọ́ǹbù, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ mì tìtì. Abẹ́ àtẹ̀gùn la sùn."

Gàníyù ní ó jọ pé ibi tó wà jìnnà sí ojú ogun. Kọ́lápọ̀ ní ọmọdé ni, ẹ̀rù kò jẹ́ kó ríran dáadáa. Ohùn àwọn méjèèjì wá ṣọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà sú Àlímọ̀t. "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí Ìdúmàgbò lẹ mọ ogun ju ẹni tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí lọ. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun."

Wọ́n ń kùn jáde. Àríyànjiyàn tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlímọ̀t ti ilẹ̀kùn, ó bu ọbẹ̀ kún àwo àbúrò rẹ̀, ó sì jókòó tì í láìbi í ní nǹkan kan.