Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Oníná tún tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí omi hó. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣì wà níbẹ̀: "Ìsinmi tí ẹ tọrọ ń dúró de ìfọwọ́sí Ọ̀gá Àga."

Lọ́jọ́bọ̀ ni dókítà máa tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú bàbá rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bàbá náà ti kìlọ̀ fún un lórí fóònù: "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi etí lásán rí ọ. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ dókítà ni mo máa kọ́kọ́ rí o. Ìwọ ni kí o dúró síwájú mi." Oníná sì ti ṣèlérí.

Tẹ́lẹ̀, nílé iṣẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ń tún iná ṣe, ẹnu lásán lèèyàn fi ń gba àyè. Àfi ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà: ìgbà tó o wọlé, ìgbà tó o jáde, ẹni tó ń pàṣẹ fún ọ. Obìnrin tó ń bójú tó o, Àǹtí Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Oníná gbà lọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ́ Ọ̀gá Àga?"

Àǹtí Ẹ̀rọ wolẹ̀. "Ẹ jókòó, Bùrọ̀dá Oníná. Ó tì o, ẹ má jókòó síyẹn! Ọ̀gá yín nìyẹn."

Àga dúdú kan tó ní tìmùtìmù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n so káàdì òṣìṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Fọ́tò àga ló wà lára káàdì náà.

"Ṣé ẹ rí i," Àǹtí wí, "ẹ̀rọ yìí kì í ka èèyàn, ipò ló ń kà. Ọ̀gá yín fiṣẹ́ sílẹ̀, ipò rẹ̀ ò bá a lọ. Ẹ̀rọ ní ipò ò gbọdọ̀ ṣófo, àfi kí n kọ orúkọ kan síbẹ̀. Mo wò yíká, àga rẹ̀ ni mo rí. Mo ní kó ṣáà bá wa di àyè náà mú dọjọ́ kejì."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ ti kí i káàbọ̀ síṣẹ́, ó ti béèrè ìwọ̀n bàtà rẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òun ni òṣìṣẹ́ tó pegedé jù lóṣù tó kọjá. Kì í pẹ́ dé, kì í sì í tètè lọ sílé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Oníná, àmọ́ ó rántí bàbá rẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ. "Ẹ̀yin ẹ wá bá mi fọwọ́ sí i."

"Kò lè ṣeé ṣe. Tó bá kúrò lọ́wọ́ yín, ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín ló ń lọ, kó tó kàn mí. Ìtẹ̀ka ọ̀gá ló ń fẹ́."

"Àga ò níka!"

"Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Ó ní kó gbìyànjú ọwọ́ kejì."

"Tí mo bá kàn gbéra ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ á ní ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún yín nìyẹn. Tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Awakọ̀ kan jáde lọ ra omi, títí dòní géètì ò ṣí fún un."

Oníná ń rìn lọ rìn bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí iná ò bá gba ibí, ó níbi tó ń gbà. Ó yíjú sí àga náà.

"Ta ni ọ̀gá Ọ̀gá Àga?"

"Kò ní. Irú wọn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fún wọn ní ìsinmi."

"Ṣé ó ti lọ ìsinmi rí?"

"Òun kẹ̀? Ibo ló máa lọ?"

"Ẹ bá a tọrọ rẹ̀."

Àǹtí tẹ̀ ẹ́. Kò tíì gbọ́wọ́ kúrò tí ẹ̀rọ fi dáhùn pé ọkàn òun ò balẹ̀ nípa òṣìṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, kó tètè lọ sinmi. Ó wá béèrè pé: "Ṣé ó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn?"

Àwọn méjèèjì wo àga náà.

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló kúkú ní," Oníná wí.

"Èmi ò ní parọ́ fún ẹ̀rọ." Àǹtí tẹ "Rárá".

Ẹ̀rọ tún dáhùn pé: "Ẹ yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa gbé e."

Kí Àǹtí tó gbójú sókè, Oníná ti ń ká apá ẹ̀wù. Àǹtí tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dé ẹnu géètì, ẹ̀ṣọ́ yọ fìlà fún àga. "Ọ̀gá, ẹ kú ìsinmi o, sà." Géètì ṣí.

Lọ́jọ́bọ̀, dókítà tú aṣọ náà. Bàbá ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́ ẹ.

"Dókítà, iṣẹ́ yín ò jẹ́. Ọmọ mi ni mò ń rí yìí, àmọ́ mò ń rí àga lórí rẹ̀."

"Bàbá, àga ló gbé," dókítà wí.

"Kí lo fẹ́ fi àga ṣe?"

"Ọ̀gá mi ni, Bàbá. A jọ wà ní ìsinmi ni."

Bàbá ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fọwọ́ pa á lára, ó sì rọra jókòó lé e. "Ṣé ó máa ń jágbe mọ́ yín?"

"Rárá, sà."

"Irú ọ̀gá tí mo wá títí tí mo fi fẹ̀yìn tì nìyí." Ó di àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ mú, ó fà á súnmọ́ ara. "Jẹ́ n wò ọ́ dáadáa." Ó wò ó pẹ́. "O ò sọ fún mi lórí fóònù pé o ti ń hewú."