Òkè Tí Wọ́n Júwe fún Mi

Ọmọ Ṣakí ni Balqees ìyàwó mi, láàárín àpáta ló dàgbà sí. Ó ní òun kò ní kó wá bá mi ní Igbókòdá, níbi tí mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò, àfi tí mo bá fi ibi tí èèyàn ti lè dúró lókè wo odò hàn òun. Mo wádìí títí. Ìyá ẹlẹ́ja kan ní ká gba ọ̀nà òkè, a óò rí odò níbẹ̀.

A rìn títí òógùn fi bò wá, ilẹ̀ kò gbé sókè rárá. A bá bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òkè náà dà?"

"Orí ẹ̀ lẹ dúró sí yìí. Omi kì í dé ibí."

Inú bí mi. Ilẹ̀ gbígbẹ lásán ni wọ́n ń pè ní òkè! Koríko tún ga jù wá lọ, a kò rí odò kankan.

Balqees wò mí. "Olùkọ́ ìṣirò, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ó gun èjìká mi, ó sì ń wo ọ̀ọ́kán.

"Kí lo rí?"

"Odò."

"Báwo ló ṣe rí? Ọrùn ń dùn mí o!"

"Dúró jẹ́ẹ́, òkè mi. Mi ò tíì wò ó tán."