Ọjọ́ Tí Jẹ́jẹ́ Sáré

Wẹ́dà lọkọ mi. Kò sí ìṣòro kan láyé yìí tí ọkùnrin yẹn ò ní fẹ́ fi irin yanjú. Ilẹ̀kùn wa, irin. Fèrèsé wa, irin. Bí orí bá ń fọ́ mi, mi ò kì í tètè sọ fún un, kó má baà gbé téèpù wá wọn orí mi.

Nígbà tí mo ra láptọ́ọ̀pù tí mo fẹ́ fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra sitébiláísà tó máa ń dín agbára iná kù. Iná àdúgbò yìí ò ṣe é gbọ́kàn lé. Bó bá lọ, bíi wèrè ló ń padà dé.”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ṣé olè ń bẹ̀rù sitébiláísà ni?”

Kò pẹ́ tó fi gbé àpótí onírin kan wálé. Ara ògiri pálọ̀ ló kàn án mọ́, ó sì fi bo sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ pátápátá, tó fi jẹ́ pé inú àpótí ni láptọ́ọ̀pù á ti máa gba iná, tòun ti ṣájà ẹ̀. Ó fi àgádágodo ńlá kan tì í, ó wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara ẹ̀. “Ẹni tó bá fẹ́ jí i,” ló wí, “àfi kó gbé ògiri lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó torí ẹ̀ jó irin. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Jẹ́jẹ́ là ń pè é láti kékeré, nítorí kì í sáré. Òjò lè máa pa á lọ, á rọra máa rìn bọ̀ ni. Ó ti bá ẹnì kan ṣọ́ ilé ìkẹ́rù-sí rí, ẹrù sọnù níbẹ̀, wọ́n sì lé gbogbo wọn láìmọ ẹni tó gbé e. Látìgbà náà, ọkọ mi ò sinmi. “Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í dún nílẹ̀ yìí, kí ló ń fi pamọ́?”

Èsì mi kì í jìnnà. Màá pàtẹ́wọ́, màá ní, “Ẹ má pe ọmọ ìyá mi lólè nínú ilé yìí o! Ẹni tó bá gé e, ẹ̀jẹ̀ tèmi ló máa jáde!” Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, inú mi á dùn sí ara mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, iná ò sí látàárọ̀. Mo ti fi láptọ́ọ̀pù sínú àpótí, mo ti ki ṣájà bọ ara ẹ̀, pé bí iná bá dé kó máa gbà á, ọkọ mi sì ti tì í pa kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kejì la máa kó iṣẹ́ wa sílẹ̀, ẹni tí kò bá mú tiẹ̀ wá, ó di ọdún mìíràn. Mo wá lọ mú ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kó wá ṣílẹ̀kùn àpótí fún mi.

Bá a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, fóònù mi dún. Jẹ́jẹ́ ni. Ọkọ mi yọjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Dá a lóhùn ná. Bóyá kọ́kọ́rọ́ ló ń wá.” Ojú tì mí, mo pa á. Ó tún dún. Mo tún pa á, mo sì tì í sísàlẹ̀ báàgì.

A dé ìyànà àdúgbò wa, iná ti dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo ayọ̀ là ń gbọ́. Gílóòbù ń bú gbàmù nílé onídìrí, ẹnì kan ń pariwo pé, “Ẹ pa á! Ẹ pa gbogbo ẹ̀! Iná yìí ti ga jù!” Ibẹ̀ la wà tí Jẹ́jẹ́ fi já jáde látinú ọgbà wa. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ wé láptọ́ọ̀pù mi, ó há a mọ́ abíyá, ó kọ̀yìn sí wa, ó ń sáré. Jẹ́jẹ́! Ó ń sá eré àsápajúdé!

Kí n má purọ́ mọ́ ọkọ mi. Èmi ni mo lanu.

“Olè! Ẹ bá mi mú un! Olè o!”

Jẹ́jẹ́ dúró. Ó yíjú padà. Ibẹ̀ ni fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti rí ṣòkòtò ẹ̀ gbá mú. Ẹnì kan gbá a létí, ẹlòmíràn gbá a lẹ́sẹ̀. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó fi apá méjèèjì dì mọ́ láptọ́ọ̀pù yẹn láyà, ìgúnpá ẹ̀ àti orí ẹ̀ ló gba ilẹ̀. Ọkọ mi ló sáré bọ́ sáàárín wọn. “Ẹ fi í sílẹ̀! Àna mi ni! Mo ní ẹ fi í sílẹ̀!” Èmi dúró síbi tí mo wà bí òpó.

Orí ilẹ̀ tó jókòó sí ni Jẹ́jẹ́ ti ṣàlàyé. Iná dé, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú àpótí. Kò lè yọ ṣájà, ó wà nínú irin. Ó pè mí, mi ò gbé e. Ó tún pè mí. Ló bá mú òòlù ọkọ mi, ó fọ́ àgádágodo, ó sì fi ọwọ́ lásán fa ṣájà tó ti ń yọ́. Rọ́bà dúdú ṣì wà lára àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nípẹ̀kun àdúgbò ló ń sáré lọ.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tètè gbé e lọ,” ló wí, ẹ̀jẹ̀ ń kán létè ẹ̀. “Ọ̀la lẹ fẹ́ lò ó.”

A gbé e débẹ̀, ọkùnrin tó ń tún un ṣe náà tú u wò. Ṣájà ti kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi wà níbẹ̀ láìku ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tètè yọ ọ́. Mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tá a délé, ọkọ mi mú sípánà, ó ń tú àpótí kúrò lára ògiri. Mo ń retí kó bú mi. Mo ti to èsì sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹnu tiẹ̀ ló kó sí mi lẹ́nu. Àpótí ló ń tú lọ ní tiẹ̀. Èmi tí mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ló máa jáde, ètè ọmọ ìyá mi lẹ̀jẹ̀ ti jáde, èmi ni mo sì fà á.

Mo gbé omi gbígbóná wá, mo kúnlẹ̀ síwájú Jẹ́jẹ́. “Dárí jì mí, àbúrò mi.”

“Háà, àǹtí! Ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi.”

Mi ò dìde. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. “O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lọ́dọ̀ wọn. Wọn ì bá má lè bá ẹ. Kí ló dé tó o dúró?”

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu.

“Ohùn yín ni mo gbọ́ tó ń pariwo olè. Mo rò pé olè ló dá yín lọ́nà. Mo fẹ́ padà wá bá yín mú un ni.”

Mo gbé abọ́ nílẹ̀, mo ní mò ń lọ gbé omi mìíràn kaná. Omi inú abọ́ yẹn ò sì tíì tutù.