Lẹ́tà Ìgbéga fún Káàdì Àwòrán

Ọ̀gá wa gbà pé kò sí ohun tí lẹ́tà kò lè ṣe. Bí páìpù omi bá ń jò, á kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i, Ìyá Akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páìpù. Mo ti rí lẹ́tà ìyìn lára fáànù rí. Ilé iṣẹ́ tó ń ya àwòrán ilé ni, èmi sì ni mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti débẹ̀, ojú mi ti rí nǹkan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, sọ́fítíwia ìyàwòrán tuntun kọ̀, kò ṣí. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú kọ̀ǹpútà pé: "Ẹ̀dà kejìlá ni mò ń lò. Káàdì àwòrán yín kò kọjá ẹ̀dà kọkànlá." Káàdì àwòrán ni pátákó kékeré inú kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán jáde sójú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí ń bọ̀ láago méjì láti wo àwòrán wọn, inú sọ́fítíwia yìí nìkan ló sì ti lè ṣí.

"Bí kò bá ṣí kí aago méjì tó lù," ọ̀gá wí fún mi, "kó ẹrù rẹ."

Ẹsẹ̀ bàbá mi kò gbé e mọ́, èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ nílé wa.

Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé. "Sà, ọ̀nà tín-tìn-tín ló kún inú káàdì yìí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló là wọ́n, ibẹ̀ ni gbogbo àwòrán ń gbà kọjá. Ẹ̀dà kejìlá ń béèrè ọ̀nà tí wọn ò là síbẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó máa là á. Ilé tí a fi ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ kọ́ ni. Ẹ lè fi ọ̀dà tuntun kùn ún, ẹ ò lè gbé àjà mẹ́rin lé e. Ẹ jẹ́ ká ra òmíràn, wọ́n ń tà á lódìkejì títì."

"Ọdún mélòó ló ti wà ní kọkànlá?"

"Mẹ́jọ, sà."

"Ọdún mẹ́jọ! Ẹnikẹ́ni ò gbé e ga! Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́, ṣé wàá ṣiṣẹ́?"

Láago mẹ́wàá, lẹ́tà jáde: a gbé Káàdì Àwòrán ga sí ẹ̀dà kejìlá láti òní lọ, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ tó rọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá ní kí n tú kọ̀ǹpútà, kí n kà á sí i létí. Mo ní káàdì ò létí. Ó ní kí n kà á síbi fáànù rẹ̀. Mo kà á. Àwọn ayàwòrán pàtẹ́wọ́, ẹnìkan tilẹ̀ ní kó má gbàgbé wa níbi tó bá dé.

Mo tan kọ̀ǹpútà. Kọkànlá náà ni.

Láago méjìlá, ọ̀gá kọ̀wé sí i pé kó wá wí tẹnu rẹ̀, ó fún un ní wákàtí kan. Káàdì kò fèsì.

"Ìgbéga ti ń gùn ún," ni Ìyá Akọ̀wé wí.

Mo tún bẹ ọ̀gá pé ká ra òmíràn. Ó ní a kì í lé òṣìṣẹ́ láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èmi tó fẹ́ lé ńkọ́? Láago kan, ìgbìmọ̀ ìbáwí jókòó, wọ́n gbé káàdì sórí àga, wọ́n ní kí n gbẹnu sọ fún un. Inú ti ń bí mi dé gongo.

"Kò jẹ̀bi!" mo pariwo. "Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni! Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kò ju kọkànlá lọ. Ẹ̀yin lẹ gbé e sípò tí kò mọ̀. Iṣẹ́ téèyàn ò mọ̀, ṣé lẹ́tà ló máa kọ́ni?"

Ọ̀gá ti ń kọ ìwé tí yóò fi lé mi, bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn jáde, kí èmi nìkan dúró.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Sọ kí ni, sà?"

"Nípa tèmi." Ó jókòó sórí àga káàdì, ó gbé káàdì lé itan. "Ọ̀gá àwọn awakọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà kàn dé lọ́jọ́ kan pé mo ti di ọ̀gá àwọn ayàwòrán. Ọdún kẹsàn-án rèé. Mi ò mọ ìlà tó ń jẹ́ ògiri, mi ò mọ èyí tó ń jẹ́ fèrèsé. Mo kàn ń buwọ́ lu àwòrán ṣáá ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣì ń bínú sí i. "Sà, wọ́n ti parí káàdì kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ṣì lè kọ́ iṣẹ́ náà."

Lẹ́yìn náà ó buwọ́ lu ìwé owó káàdì tuntun, mo sì sáré sọdá títì. Nígbà tí aago méjì lù, àwọn onílé ìgbẹ̀bí ti ń wo àwòrán wọn.

Lọ́jọ́ kejì, láago méje, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo bá ọ̀gá tó tẹ́ àwòrán kan sórí tábìlì.

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ó wí, kò wò mí lójú. Ó fi ìka sórí ìlà kékeré kan tó tẹ̀ bí etí èékánná. "Èyí ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn ni, sà. Ìlà yẹn ló ń fi ibi tó máa ṣí sí hàn."

Ìka rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

"Mo rò pé ọwọ́ àwọn ayàwòrán ló ń yẹ̀," ó wí. "Èèyàn mẹ́ta ni mo ti lé nítorí rẹ̀."